Ohun tí Hasler fi okùn ṣe, àti ohun tí Crowhurst kò ráyè ṣe sí ọkọ̀ rẹ̀

Iṣẹ́ orí ọkọ̀ onígbòkun kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tó bá ti rí àwọn apẹja Ìlàjẹ tàbí Ègùn tí wọ́n ta aṣọ sókè kí afẹ́fẹ́ lè gbé ọkọ̀ wọn lọ yóò mọ̀ pé aṣọ náà fẹ́ ọwọ́, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà fẹ́ ọwọ́. Lórí òkun ńlá, ẹnì kan ní láti di ìtọ́kọ̀ mú, ẹlòmíì á máa fa okùn. Bí ìjì bá sì dé lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rìn dé ìdí òpó láti dín ìgbòkun kù, kí afẹ́fẹ́ má baà dojú ọkọ̀ dé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún okùn, òpó àti ìgbòkun rẹ̀ tò, kí ọwọ́ méjì péré lè ká iṣẹ́ náà.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú rẹ̀ ní nǹkan bíi ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn, oníṣòwò kékeré ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ojú ìwé yìí, òun sì lọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeni láàánú jù.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí Herbert Hasler, ọ̀gá ṣójà orí omi tí wọ́n ń pè ní Blondie. Ọkọ̀ rẹ̀, Jester, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ. Hasler kò wá owó ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ. Kò lo okùn wáyà láti fa òpó ọkọ̀ náà mú, ó ri òpó kan ṣoṣo tó lè dá dúró mọ́lẹ̀, ó sì ta ìgbòkun kan ṣoṣo sí i, irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò láti ayébáyé. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dábùú aṣọ náà. Bí wọ́n bá tú okùn rẹ̀, ńṣe ló máa ń ká wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìpele ìpele, bí ìgbà tí èèyàn bá pa abẹ̀bẹ̀ dé.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà gan-an ni pé gbogbo okùn ọkọ̀ náà, ojú kan ṣoṣo ni Hasler dà wọ́n jọ sí. Ó bo òkè ọkọ̀ pa, ó wá dá ihò róbótó kan sí àárín rẹ̀. Láti inú ihò yìí, tí orí àti èjìká rẹ̀ nìkan yọ síta, ó lè ta ìgbòkun, ó lè dín in kù, ó sì lè sọ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ pé omi òkun kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún ṣe pátákó kékeré kan sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀: bí ọkọ̀ bá yà kúrò lọ́nà, pátákó náà ni yóò dá a padà, kódà bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ń sùn. Nígbà tó yá, irú ẹ̀rọ yìí di ọjà tí àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn ń rà.

Lọ́dún 1960, ọkùnrin márùn-ún fi ọkọ̀ onígbòkun dá gba orí òkun Àtìláńtíìkì kọjá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí New York. Francis Chichester ló gbapò kìíní, ó lo 40 ọjọ́. Hasler ló ṣe ìkejì, ó lo 48 ọjọ́. Ọkọ̀ Chichester fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 gùn ju Jester lọ, ìgbòkun ńláńlá ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá wọ̀yá ìjà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò bi ara rẹ̀ bóyá ọjọ́ mẹ́jọ tó gbogbo wàhálà yẹn.

Lọ́dún 1968 ni ìwé ìròyìn Sunday Times gbé èyí tó le jù kalẹ̀: kéèyàn dá yí gbogbo ayé ká láìdúró ní èbúté kankan. Ife ẹ̀yẹ ń dúró de ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, pọ́n-ùn 5,000 sì wà fún ẹni tó bá yá jù. Ẹni tó bá máa lọ gbọ́dọ̀ ti gbéra kó tó di òpin ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá.

Robin Knox-Johnston wá onígbọ̀wọ́ fún ọkọ̀ tuntun títí, kò rí. Ló bá padà sórí èyí tó ní tẹ́lẹ̀, Suhaili, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 32 tí wọ́n kàn fún un nílẹ̀ Íńdíà. Òun náà ṣe ẹ̀rọ tí ń darí ọkọ̀ sí i. Ẹ̀rọ náà bàjẹ́ pátápátá ní agbègbè Ọsirélíà, ṣùgbọ́n òpó méjì ni Suhaili ní, ọ̀gá rẹ̀ sì ti mọ ọwọ́ rẹ̀: bó bá fa ìgbòkun iwájú díẹ̀, tó dẹ ti ẹ̀yìn díẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ tààrà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe é délé.

Donald Crowhurst ni oníṣòwò inú wọn. Iléeṣẹ́ kékeré kan ló ní ní Bridgwater, tó ń ta Navicator, ẹ̀rọ alágbèéká tó ń fi rédíò bá ọlọ́kọ̀ mọ ibi tó wà. Ọjà ò yá mọ́. Crowhurst rò pé bí òun bá borí nínú ìdíje náà, gbogbo ayé á mọ ọjà òun. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Stanley Best, tó ti fowó sínú iléeṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ló gbówó ọkọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà níbẹ̀: bí Crowhurst kò bá parí ìrìn àjò náà, òun ni yóò ra ọkọ̀ náà padà. Ilé àti iléeṣẹ́ rẹ̀ ló fi dógò. Ó níyàwó, ó sì bí ọmọ mẹ́rin.

Teignmouth Electron ni ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ bàtà 40, bí ẹni so ọkọ̀ mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irú rẹ̀ máa ń sáré gan-an, àmọ́ bó bá dojú dé, kì í padà. Crowhurst ní ojútùú sí èyí: àpò kan lórí òpó tí kọ̀ǹpútà yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ dojú dé. Èrò náà dára, ká má parọ́. Àkókò ni kò sí. Lọ́jọ́ tó gbéra, tí í ṣe ọjọ́ tó kẹ́yìn gan-an, wáyà kún inú ọkọ̀ bí ìfun, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbi tí wọ́n lọ. Wọ́n gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò tó fẹ́ fi ṣàtúnṣe sí etídò. Kò pẹ́ tó wọ òkun tí ìdè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára ẹ̀rọ tí ń darí ọkọ̀, kò sì mú àfikún dání. Lára ibòmíràn ló ti ń tú òmíràn wá dí i. Omi náà ń wọlé.

Bó bá padà, ilé lọ. Bó bá tẹ̀ síwájú wọ òkun gúúsù ayé, ó ṣeé ṣe kó kú. Crowhurst kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó dúró sínú Àtìláńtíìkì, ó ń fi rédíò parọ́ ibi tó wà ránṣẹ́ sílé. Irọ́ yẹn kó bá ẹlòmíì: Nigel Tetley rò pé Crowhurst ti ń lé òun bá, ó fi eré pá ọkọ̀ rẹ̀ lórí títí ó fi fọ́ mọ́ ọn lára ní oṣù karùn-ún, ọdún 1969. Wọ́n rí òun yọ.

Lọ́jọ́ 10, oṣù keje ọdún náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan bá Teignmouth Electron tó ń léfòó láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ wà nínú yàrá ọkọ̀, àwọn wáyà náà wà níbẹ̀. Wọn kò rí Crowhurst mọ́ títí dòní.

Àwọn mẹ́sàn-án ló gbéra. Knox-Johnston nìkan ló parí rẹ̀, lọ́jọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 1969, lẹ́yìn 312 ọjọ́. Òun ló gba ife, òun náà ló sì ni pọ́n-ùn 5,000 náà. Ìyàwó Crowhurst àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló yọ̀ǹda owó náà fún.