Kí Ló Ń Mú Kí Táyà Bẹ́ Lójú Títì?

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Kaduna sí Àbújá, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn FRSC ní táyà ló bẹ́.

Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ á ní iṣẹ́ ayé ni. Àmọ́ táyà kì í ṣàdédé bẹ́. Ooru ló ń pa á, àìtó afẹ́fẹ́ ló sì sábà ń fa ooru náà. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, bó ṣe ń yí. Ẹ mú wáyà kan, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn: á gbóná kó tó dá. Bẹ́ẹ̀ ni inú táyà ṣe ń gbóná, títí rọ́bà á fi ṣí kúrò lára wáyà inú rẹ̀. Tí èrò bá wá pọ̀ jù, tí ẹrù wà lórí bọ́ọ̀sì, tí dírẹ́bà ń sá eré àsápajúdé lọ́sàn-án gangan, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

Èkejì ni ọjọ́ orí. Rọ́bà máa ń gbẹ, á sì sán, kódà tí wọn ò bá lò ó. Ìdí nìyí tí táyà tòkunbọ̀ fi léwu: ojú rẹ̀ lè dán, kó ti gbó nínú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014.

Kí ni ká ṣe? Kí ẹni tó ní ọkọ̀ fi géèjì wọn táyà láàárọ̀, kó tó gbéra, torí táyà tó ti gbóná máa ń tan géèjì jẹ. Kí fọ́kanáísà má kàn fẹsẹ̀ ta á, kó ní "ó ti tó". Tó bá bẹ́ lórí eré, kí dírẹ́bà má tẹ bíréèkì lójijì. Kó di sítíà mú gírígírí, kó jẹ́ kí eré rọra dín kù, kó tó yà sẹ́bàá títì.

Àwa tá à ń wọ bọ́ọ̀sì wá síléèwé ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ wo táyà. Tó bá pá, tó sán, tàbí tó rọ̀, ẹ wí jẹ́ẹ́jẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, táyà yín ti rọ̀ o." Tí wọ́n bá bú yín, ẹ dúró de bọ́ọ̀sì mìíràn. Ká pẹ́ dé sàn ju ká má dé mọ́. Ẹ̀yin tíṣà tó ń dúró lẹ́nu géètì, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ yẹn, ẹ má nà wá.