Lẹ́tà Mẹ́ta Tí Wọ́n Di Orúkọ

Àwọn àgbà a máa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn láìpẹ́ yìí, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kan ní Ìsọlọ̀ gbé ẹjọ́ wá sí ilé mi. Wọ́n ti dá owó jọ ra gìtá méjì àti ìlù, wọ́n sì ti ń ṣeré pọ̀ láti ìgbà Àjíǹde, ṣùgbọ́n wọn kò rí orúkọ kan fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Olúkúlùkù ń fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ ṣáájú. Ìyá ọ̀kan nínú wọn wí fún mi pé, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí i, nítorí wọ́n ní àwọn yóò ta gìtá náà, kí oníkálukú mú owó rẹ̀ lọ.” Mo mú wọn jókòó, mo sì sọ ìtàn kan fún wọn, èyí tí mo gbàgbọ́ pé yóò ṣe ilé mìíràn ní àǹfààní pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá ti Ìsọlọ̀ jáde sí Oṣòdì yóò pàdé ọ̀nà mọ́tò Agége. Bí ó bá gba apá kan lọ, yóò dé Ìdí-Òro ní Muṣin, níbi tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì tẹ̀dó sí ní ìgbà ayé rẹ̀. Bí ó bá gba apá kejì, yóò dé Ìkẹjà, níbi tí Ginger Baker, onílù ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé ìgbohùn-orin-sílẹ̀ sí ní 1973. Láàárín àwọn olórin Èkó ti àkókò náà ni ẹgbẹ́ tí à ń pè ní BLO ti jáde.

Kí Ogun Abẹ́lé tó dé, orin háíláìfù ni ó gba ìgboro Èkó kan. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ọ̀pọ̀ olórin tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn ti padà sí ìlú wọn, ẹgbẹ́ púpọ̀ sì tú ká. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta gìtá oníná ni wọ́n bọ́ sí àyè náà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn ni Clusters, nínú èyí tí Berkley Jones ń ta gìtá, tí Laolu Akintobi, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Laolu Akins, sì ń lu ìlù.

Baker ní tirẹ̀ ti jẹ́ onílù Cream, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta kan ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1966 dé 1968. Orin blues ni wọ́n sọ di rọ́ọ̀kì. Blues náà kì í sì í ṣe ti òyìnbó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú tí a kó láti Áfíríkà lọ sí gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n dá a sílẹ̀, láti inú orin oko àti orin ìsìn wọn. Ní 1971, Baker wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà já wá sí Èkó. Ó kó àwọn olórin wa jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí ó pè ní Salt, èyí ni Iyọ̀. Jones àti Akins wà níbẹ̀, àti àwọn ìbejì obìnrin nì, Taiwo àti Kehinde Lijadu. Iyọ̀ náà kò pẹ́ tí ó fi yọ́. Nígbà náà ni Jones àti Akins pẹ̀lú Mike Odumosu, ẹni tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, dá BLO sílẹ̀ ní 1972.

Ẹ wo bí wọ́n ti hun orúkọ náà. B ni Berkley, L ni Laolu, O ni Odumosu. Lẹ́tà kan fún ẹnì kan. Kò sí ọ̀gá, kò sì sí ọmọ-ẹ̀yìn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, orúkọ olórí ni ó máa ń ṣáájú: Ebenezer Obey àti Inter-Reformers rẹ̀, Sunny Ade àti African Beats rẹ̀. Fẹlá pàápàá pa orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dà láti Koola Lobitos sí Nigeria 70, àti láti ibẹ̀ sí Africa 70, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò kúrò níwájú.

Ẹ kíyè sí ohun kan sí i. Inú orúkọ àkọ́kọ́ ni lẹ́tà méjì ti wá, ṣùgbọ́n inú orúkọ ìdílé ni ìkẹta ti wá. Bí wọ́n bá ti fi agídí tẹ̀ lé òfin kan, M ti Mike ni ì bá gbẹ̀yìn, ẹnu kì bá sì lè pè é. Ẹni tí ó gbẹ̀yìn ni ó mú fáwẹ̀lì wá. Láìsí O náà, B àti L kò lè dún.

Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973 láti ilé-iṣẹ́ EMI. Phase II tẹ̀ lé e ní 1975. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Odumosu fi lọ bá ẹgbẹ́ Osibisa ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ni O ti lọ, ṣùgbọ́n wọn kò pa O rẹ́. Wọ́n ń bá orúkọ náà lọ títí Back in Time fi jáde ní 1982.

Nígbà tí mo sọ ìtàn náà tán, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn bi mí pé, “Bàbá, bí ọ̀kan nínú wa bá lọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?” Mo ní, “Ọmọ mi, ohun tí ènìyàn bá fi sínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè, ta ni yóò gbà kí tirẹ̀ gbẹ̀yìn?” Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n dìde, wọ́n kí mi, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe yára bá àwọn ọmọ yín yan orúkọ. Ẹ kọ́ wọn bí a ti ń gba ipò ìkẹyìn láìbínú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìlù àti gìtá láti ẹ̀yìnkùlé ìyá nì. N kò tíì gbọ́ orúkọ wọn títí di òní, ṣùgbọ́n wọn kò ta gìtá náà.