Pimentel, mẹ́yọ̀ tó gba ẹ̀tọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákáǹ tọ alábẹ lọ. Ní ti Aquilino Pimentel, ọmọ Filipínì, òun fúnra rẹ̀ ló di alábẹ.

Lọ́dún 1980 ni wọ́n dìbò yàn án ní mẹ́yọ̀ ìlú Cagayan de Oro. Láyé Ààrẹ Marcos nìyẹn, Manila tí í ṣe olú-ìlú ló di owó àti agbára mú. Nítorí pé Pimentel ń ta kò ó, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tì í mọ́lé láàárín 1973 sí 1985.

Marcos lọ lọ́dún 1986, Pimentel di mínísítà ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́dún 1987 ó wọ ilé aṣòfin àgbà, níbi tó ti ṣagbátẹrù òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1991. Òfin náà gbé ètò ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lé ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ya ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí abẹ́lé sọ́tọ̀ fún wọn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni Manila kò fi ka owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ìpín wọn, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2018. Pimentel rí ìdájọ́ yẹn kó tó kú lọ́dún 2019, lẹ́ni ọdún 85.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé òfin tó dára kì í ṣọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe é fún ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.