Bí Ìhìnrere Ṣe Gun Alùpùpù

Ní ọdún 1962, Bill Shergold, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, fi síkáàfù bo kọ́là àlùfáà tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó gun alùpùpù, ó sì kọrí sí Ace Cafe ní títì North Circular nílùú London. Ilé oúnjẹ tọ̀sán-tòru ni. Ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Rockers ti máa ń pàdé, àwọn tí ìwé ìròyìn ìgbà náà ò yéé bú nítorí eré àsápajúdé àti ìjà ìgboro. Nígbà tí ilé náà yọ sí i lókèèrè, àyà rẹ̀ já. Dípò kó yà, ṣe ló tẹná mọ́ máṣíìnì, ó sì fò ó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún padà lọ ṣá. Ó pè wọ́n sí ìsìn tó jẹ́ tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Hackney Wick, wọ́n wá, wọ́n ti máṣíìnì wọn wọ inú ilé Ọlọ́run, Shergold sì gbàdúrà lé wọn lórí. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka alùpùpù ti 59 Club ti jáde. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni 59 Club tẹ́lẹ̀, àlùfáà John Oates ló dá a sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1959. Kò pẹ́ tí onímáṣíìnì tó forúkọ sílẹ̀ fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ìwàásù tó wọni lára ló mú irú ẹgbẹ́ báyìí gbilẹ̀, tàbí ìfẹ́ alùpùpù. Èmi ò gbà. Oníwàásù pọ̀ ní London nígbà yẹn, alùpùpù náà kún ìgboro. Ohun tó wọ́n ni aṣáájú tó lè kó iṣẹ́ lé àwọn tí iṣẹ́ náà wà fún lọ́wọ́, tí yóò sì jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ ṣáájú ìwàásù. Ní 59 Club, kọfí wà, tẹníìsì orí tábìlì wà, ẹ̀rọ tó ń kọrin wà. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹ̀rí ìgbàgbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ìsìn, ṣọ́ọ̀ṣì ò jìnnà. Àgbà ìjọ kan lè ní ìjáfara nìyẹn, pé ìhìnrere kì í ṣe ohun à ń fi pamọ́ sẹ́yìn ife kọfí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò tíì rí ẹni jókòó gbọ́ ọ, ta la ń sọ ọ́ fún? Shergold ti di olóògbé láti 2009, ẹgbẹ́ náà ṣì wà, àwọn onímáṣíìnì ló sì ń darí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, inú ilé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Herb Shreve, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìpínlẹ̀ Arkansas, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò gbọ́ra wọn yé mọ́. Baba ra alùpùpù kí wọ́n lè jọ máa jáde. Ìjáde yẹn ló gbé wọn dé àpéjọ àwọn onímáṣíìnì, níbi tí èèyàn pọ̀ bí omi, tí ìjọ kò sì sí nítòsí. Ní 1975 ó dá Christian Motorcyclists Association (CMA) sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó fi ìlú kékeré Hatfield ní Arkansas ṣe ibùjókòó. (Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gbọ́ alùpùpù, ọ̀kadà ló máa sọ sí i lọ́kàn, ìyẹn iṣẹ́ àti oúnjẹ òòjọ́. Ti Amẹ́ríkà yìí, fàájì òpin ọ̀sẹ̀ ni fún èyí tó pọ̀ jù.) Tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà bá dé àpéjọ, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á ṣa ìdọ̀tí, wọ́n á júwe ibi tí èèyàn máa gbé máṣíìnì sí, wọ́n á bu omi àti kọfí fún àlejò. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun àti máṣíìnì òun, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e. Ọkùnrin tí kò ní gbọ́ ìwàásù láéláé kì í kọ omi tútù lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀ka kéékèèké ni wọ́n pín ẹgbẹ́ náà sí, ó sì ju ẹgbẹ̀rún kan lọ báyìí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní alága àti igbákejì, akọ̀wé, akápò, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àdúrà, àti ẹni tó ń ṣáájú lójú ọ̀nà. Kò pọn dandan kí pásítọ̀ wà nínú wọn rárá. Ojú ọ̀nà gan-an ni mo ti rí ẹ̀rí tó lágbára jù fún ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí onímáṣíìnì bá tò lọ, ẹni iwájú á gba apá òsì ìlà ojú ọ̀nà tí wọ́n wà, ẹni tó tẹ̀ lé e á gba apá ọ̀tún ìlà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe tò ó dé ẹ̀yìn, kí olúkúlùkù lè ní àyè tó bá fẹ́ tẹ bíréèkì. Àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa ni wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn aṣáájú pẹ́kípẹ́kí, ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn dójú àmì ló sì ń kẹ́yìn, kó lè máa wo ẹni tó bá fẹ́ já sẹ́yìn. Motorcycle Safety Foundation ní Amẹ́ríkà gbani nímọ̀ràn pé kí ọ̀wọ́ kan má ju bí ẹni márùn-ún sí méje lọ. Bó bá pọ̀ jù, kí wọ́n pín in. Aṣáájú tó bá sáré bó ṣe wù ú, tí ọmọ tuntun ń lé e bọ̀ láìmọ bí kọ́nà ṣe ń rí, ó lè pààyàn. Ẹ̀ka tí ẹnì kan bá ń dá ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í pààyàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹni náà bá kó kúrò nílùú, ó tán.

Àwọn kan sọ pé fàájì ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó lówó ra alùpùpù ńlá ń wá orúkọ mímọ́ tó máa fi bo afẹ́ rẹ̀. Irọ́ kọ́ pátápátá. Jákẹ́ẹ̀tì awọ máa ń wu ojú. Ṣùgbọ́n láti 1988 ni CMA ti ń ṣe ìrìn ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní Run for the Son, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún. Kí ọjọ́ tó pé ni ọmọ ẹgbẹ́ ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ ará àti ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ á sì pín owó náà pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere nílẹ̀ òkèèrè. Lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra alùpùpù fún oníwàásù tí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti abúlé dé abúlé. Bí afẹ́ bá wà níbẹ̀, ó ti sanwó ara rẹ̀.

Àríyànjiyàn kejì le ju èyí lọ: ṣé kí ẹgbẹ́ pọ̀ ni, àbí kó jinlẹ̀? Ní Ọsirélíà, God's Squad, ẹgbẹ́ onímáṣíìnì onígbàgbọ́ tí John Smith darí ẹ̀ka rẹ̀ ní Melbourne láti 1972, gba ọ̀nà tó le. Àárín àwọn ẹgbẹ́ onímáṣíìnì tí ìjọba ń ṣọ́ ni wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́, níbi tí àmì tó wà lẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì ti lè dá ìjà sílẹ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò bá gbàṣẹ. Nítorí náà, wọ́n máa ń dán ẹni wò pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní àmì kíkún. Ẹni tó bá ń wá èrò á ní wọ́n fi nǹkan falẹ̀. Ní tèmi, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. CMA lè ṣí ilẹ̀kùn gbayawu nítorí pé pápá àpéjọ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ọmọ tuntun sì lè ṣa ìdọ̀tí láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó fẹ́ bá àwọn tó léwu jókòó ní ilé wọn kò lè kó ẹni tí kò mọ òfin ibẹ̀ dání. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀, kó kọ́kọ́ wádìí àwọn onímáṣíìnì tó ti wà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń pàdé lálẹ́ Ẹtì, kó tó wá télọ̀ tó máa rán àmì mọ́ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì.