Ìyá, Ìyá Àgbà, àti Ọmọ Inú Ìtàn

Nígbà tí òǹkọ̀wé bá fi ọmọdé tí ọkàn rẹ̀ dàrú sí àárín ìtàn kúkúrú, ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ yẹ inú ilé ọmọ náà wò, nítorí bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nínú Tomorrow Is Too Far, ìtàn tí Chimamanda Ngozi Adichie fi sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2009, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan mọ igi í gùn ju Nonso arákùnrin rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Nonso, àrólé, ọmọkùnrin tí yóò gbé orúkọ ìdílé ró, ni ìyá àgbà ń jẹ́ kí ó gùn ún. Ní ilé wọn ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rín ìyá wọn kì í ti iyàrá ọmọbìnrin jáde lálẹ́, àfi ti Nonso. Ọmọbìnrin náà dẹ́rù ba Nonso lórí igi, Nonso já bọ́, ó kú. Lójú tèmi, irọ́ tí ó tẹ̀ lé e burú ju ìṣubú náà lọ: ọmọbìnrin náà di ẹ̀bi náà lé ìyá àgbà lórí, nítorí ọmọ tí a kò kà sí a máa mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ yóò tètè dá lẹ́bi.