Ihò Dúdú Kì í Ṣe Ihò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, orúkọ a máa ṣini lọ́nà. "Ihò dúdú" àárín àgbájọ ìràwọ̀ M87 kì í ṣe ihò: ìwọ̀n rẹ̀ tó ti oòrùn wa lọ́nà bílíọ̀nù 6.5. Ohun tó bá kó sínú rẹ̀ kì í jáde mọ́, títí kan ìmọ́lẹ̀. Báwo wá ni ọ̀ṣọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí Heber Curtis rí lọ́dún 1918 ṣe ń tú jáde níbẹ̀? Ìta ló ti ń wá. Gáàsì gbígbóná tó yí i ká ń wọ́ agbára mágnẹ́ẹ̀tì bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń pòòyì bí òkòtó, ó ń lọ́ agbára yẹn bí okùn, okùn náà sì ń ta nǹkan síta pẹ̀lú eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń yí mọ́ okùn yìí ló ń mú ìgbì rédíò wá, irú èyí tí àwo 32 mítà ní Kuntunse, Gánà, wà fún. Bí ẹ bá ń ṣàlàyé fọ́mọ, ẹ má ní ihò ń bì o. Òkòtó ló ń ta nǹkan.