Ohun tó ń Múni Bẹ̀rẹ̀ Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́ àti Ohun tí kì í Jẹ́ kí Ó Sú Ni

Ìfáàrà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà bá lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé kan ní Okokomaiko, ó máa ń kọ ohun tó kọ́ni lójoojúmọ́ sílẹ̀, nítorí pé alábòójútó yóò bèèrè rẹ̀. Bí alábòójútó bá ti lọ, ọ̀pọ̀ a pa ìwé náà dé. Èyí ló bí ìbéèrè wa: kí ni ó ń mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìgbésí ayé ara rẹ̀ sílẹ̀, kí sì ni kì í jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró? Èrò wa ni pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. A ó fi àkọsílẹ̀ Samuel Ajayi Crowther àti ti Akinpelu Obisesan ṣe àpẹẹrẹ.

Crowther: Àṣẹ láti Ìta

Ọ̀nà tó gba Okokomaiko kọjá ló lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1845. Ẹgbẹ́ C.M.S. tó rán wọn níṣẹ́ fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tó ṣe àti ohun tó rí, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ojúṣe ni kíkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun tó kó Òṣogùn ní 1821 ti yà wọ́n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn méjèèjì ṣe di ara wọn mú, tí wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn. Ìwé tí a ń kọ nítorí ọ̀gá ti di ibi tí ọkàn ti ń sọ tirẹ̀.

Obisesan: Ìbéèrè láti Inú

Ti Obisesan yàtọ̀. Akọ̀wé ọmọ Ìbàdàn ni, ó sì di aṣáájú pàtàkì nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò sí ọ̀gá tó ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti 1920 títí dé 1960 wà ní ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Gbèsè, àìrówóná àti ìwé tó ń kà wà lára ohun tó kọ. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé èrè kí ni ẹ̀kọ́ ìwé ń ṣe fún ẹni tí kò rí owó. Ó ń fi ìwé náà yẹ ara rẹ̀ wò, bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò ọjà rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ohun tí a rí fà yọ níhìn-ín ni pé àṣẹ a máa tán, ìyìn a sì máa tán. Ìbéèrè tí kò tíì ní ìdáhùn ni kì í jẹ́ kí ìwé di pípadé.

Ìkádìí

Àbá wa fún olùkọ́ ọ̀la ni pé kí ó yan ìbéèrè kan tó jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní Okokomaiko, níbi tí Yorùbá, Ègùn, Ígbò àti ẹ̀yà mìíràn ń gbé pọ̀, ó lè bi ara rẹ̀ lójoojúmọ́ pé: ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ tí kì í sọ Yorùbá nílé kò gbọ́ lónìí, báwo ni mo sì ṣe là á yé e? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Crowther àti Obisesan fi kọ tiwọn. Kí àwa fi èdè tí a fi ń kọ́ni kọ tiwa. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míràn. Ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ nìkan ni yóò lè fi méjèèjì wé ara wọn.